Ẹ Má Da Yẹ̀pẹ̀ Pupa Bo Ilẹ̀ Ọ́ìlì Yẹn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ẹgbẹ́ Mẹ́káníìkì Wa l'Ògbómọ̀ṣọ́

Sí Bàbá wa Alága, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú ìgbìmọ̀, mẹ́káníìkì, rìwáyà, panẹ́ẹ̀lì bítà, títí dórí àwọn fọkanáísà ẹnu géètì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òógùn ojú. Èmi ọmọ yín ló ń kọ ọ́, èmi tí mò ń sin adìyẹ lẹ́yìn odi yín, tí gbogbo yín ń pè ní Ẹlẹ́yin. Ẹ má bínú pé orí fóònù lẹ ti ń ka èyí. Mo wá sí mítìn tẹ́ ẹ ṣe lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bà jẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù o, ẹ̀yin náà rí mi, ṣùgbọ́n onítípà tó fẹ́ ta yẹ̀pẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbé kòkòrò ajẹpo inú ìgò wá tà ń sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé àwọn ò ní dáwó kankan, ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹlẹ́yin ń wí. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ síta, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ nírú ilẹ̀ yẹn, bó ṣe wà l'Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà l'Ọ̀yọ́ ló wà n'Íbàdàn, ibi tí mẹ́káníìkì bá ti pẹ́ sí, ilẹ̀ dúdú á wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwó ra típà yẹ̀pẹ̀ pupa láti fi bo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn kẹ́ ẹ tó dá ilẹ̀ padà fún mọ̀lẹ́bí tó ni ín. Ẹ má sì ra kòkòrò ajẹpo inú ìgò tí ọkùnrin yẹn gbé wá. Ẹ jẹ́ ká tú ilẹ̀ náà, ká fún un ní atẹ́gùn, ká fún un ní omi níwọ̀nba, ká po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, kí bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa jẹ ọ́ìlì náà lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, pé ẹlẹ́yin ti rí ibi tó máa da ìgbẹ́ sí. Òótọ́ ni, mo fẹ́ rí ibi dà á sí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n microbiology, ìmọ̀ nípa àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín bẹ́ẹ̀, ni mo kà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ, ẹ ṣáà mọ bí ayé ṣe rí nísinsìnyí, kò sí ẹni tó ń ṣe ohun tó kà mọ́, rìwáyà kan wà láàárín yín tó ka Accounting. Nítorí náà ohun tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe pé mo lá a lálàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí, torí ó dà bíi pé ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì, níbi tí bọ́ọ̀sì tó ti kú yẹn wà, ilẹ̀ ibẹ̀ le lọ́gbẹlẹ̀, ó sì ń dán. Tí òjò bá rọ̀, omi ò ní wọlẹ̀, á kàn dúró sójú kan, á máa yọ àwọ̀ òṣùmàrè, tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá bàtà yín á máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ọkọ́ wa ibẹ̀ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ síbi ìnáwó fírídọ̀ọ̀mù, ẹ má bínú pé mi ò gbàṣẹ. Òkè rẹ̀ ti dì, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ọ̀dà títì, abẹ́ ìyẹn ló wá jẹ́ erùpẹ̀ dúdú tó ń yọ̀, tó ń rùn bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ojú ọkọ́ ń dán bíi pé wọ́n fi ọ́ìlì pa á. Nígbà tí mo gbẹ́ ẹ dé bí orókún díẹ̀díẹ̀ ni dúdú rẹ̀ ń dín kù, nísàlẹ̀ rẹ̀ mo bá yẹ̀pẹ̀ pupa gangan bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kò sí ekòló kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo wa. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ nìyẹn o, ó túmọ̀ sí pé níbi tí mo wa yẹn ọ́ìlì náà ò tíì lọ jìnnà, ọwọ́ ṣì lè tó o.

Ohun mìíì tún wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, níbi tí àpò ìgbẹ́ adìyẹ mi kan ti já, tí òjò wọ́ ọ gba abẹ́ odi wá sọ́dọ̀ yín, ẹ lọ wo ibẹ̀, gbégi ti hù nínú ilẹ̀ dúdú yẹn, ó sì ń tàn síwájú. Kò sí níbòmíì. Mi ò ní sọ pé ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí o, torí ìgbẹ́ adìyẹ ló ń mú koríko hù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn gan-an ló sọ mí lọ́kàn.

Ta ló wá ń da ọ́ìlì náà sílẹ̀? Kẹ́ ẹ má ṣe rò pé mo wá bú yín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá dáa kì í ṣòfò, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ń dówó. Káfíńtà ń wá rà á láti fi pa pákó kí ikán má bàa jẹ ẹ́, oníbúlọ́ọ̀kù ń fi pa mọ́ọ̀dù, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi ń rà á. Èyí tó ń dà sílẹ̀ ni èyí tí kò ṣe é tà: èyí tó ṣẹ́ kù sínú fítà tí wọ́n jù nù, díísù tí wọ́n fi fọ ẹ́ńjìnnì, èyí tí òjò ti rọ̀ sí nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, bírékì fúlúùdù, ọ́ìlì jíà, àti ọmọ iṣẹ́ tó sáré tú nọ́ọ̀tì kó tó rántí gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ ọdún mélòó lẹ ti wà níbẹ̀? Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, máa ń sọ fún àwọn èèyàn wọn pé ọ́ìlì tí wọ́n bá yí lára mọ́tò lẹ́ẹ̀kan péré lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi tó mọ́ jẹ́. Ẹ wá ronú kànga ẹnu géètì tí àwọn onírẹsì ń fà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí ló kan bakitéríà kan ọ́ìlì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Epo rọ̀bì tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ara àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú òkun ló ti wá, wọ́n ti kú láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, erùpẹ̀ bò wọ́n, ooru abẹ́ ilẹ̀ sè wọ́n di epo. Ó sì ti pẹ́ tí epo ti ń ru jáde fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ mọ́tò, nítorí náà àwọn bakitéríà kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Pseudomonas, Bacillus, Acinetobacter, Rhodococcus, orúkọ wọn gùn lóòótọ́ ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbé. Yẹ̀pẹ̀ tó kún ṣíbí tíì kan, bakitéríà inú ẹ̀ lè ju gbogbo èèyàn tó wà ní Nàìjíríà lọ. Tí ọ́ìlì bá dà sí ilẹ̀, àwọn tí kò lè jẹ ẹ́ á dín kù, àwọn tó lè jẹ ẹ́ á máa bí sí i. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ yín yẹn, tó ti mu ọ́ìlì fún ọdún gbọọrọ, àwọn ajẹpo á ti pọ̀ nínú ẹ̀ báyìí. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lọ rà wọ́n.

Àwọn kan nínú wọn máa ń tu nǹkan jáde lára tó ń ṣiṣẹ́ ọṣẹ, tó ń fọ́ ọ́ìlì sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ́síjìn inú atẹ́gùn gé e, kábọ́ọ̀nù tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn inú ọ́ìlì á di irú ọtí kan, ọtí á di ásíìdì ọ̀rá, ìyẹn á di oúnjẹ fún wọn, ohun tó máa ṣẹ́ kù nígbẹ̀yìn ni omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì, èyí tá a máa ń mí síta. Èyí tó ní ẹ̀wọ̀n tààrà ló ń kọ́kọ́ lọ, èyí tó ká bí òrùka máa ń pẹ́ gan, èyí tó wúwo jù, tó dà bí ọ̀dà títì, àwọn bakitéríà náà kì í fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé á mọ́ tónítóní.

Kí ló wá ṣe wọ́n tí wọn ò tíì jẹ ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín tán? Oúnjẹ wọn ni ò pé. Ọ́ìlì, kábọ́ọ̀nù ló kún inú ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí naitirójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà méjì tó máa ń wà nínú fatiláísà, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé àmàlà òkìtì fún láìsí ọbẹ̀, á jẹ díẹ̀, á dáwọ́ dúró. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni pé fún kábọ́ọ̀nù 100, kí naitirójìn jẹ́ 10, kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 1. Méjèèjì ló sì wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ dáadáa. Fatiláísà NPK náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iye tí àpò kan jẹ́ lónìí. Ohun kejì tí wọn ò ní ni atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ àti táyà ti tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ títí ó fi le, ọ́ìlì sì ti dí gbogbo ihò inú ẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn o, Bàbá wa. Tẹ́ ẹ bá wá da típà yẹ̀pẹ̀ pupa lé e lórí, tẹ́ ẹ tún fi rólà tẹ̀ ẹ́, ẹ ti dí ìwọ̀nba atẹ́gùn tó kù. Ojú á rí i pé ó mọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀ á dúpẹ́, wọ́n á kọ́lé síbẹ̀, wọ́n á gbẹ́ kànga, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó sì ju èje lọ.

Kì í ṣe àbá o, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta 1989, ọkọ̀ epo Exxon Valdez lọ gun àpáta ní Alaska ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì ló dà sí òkun tó sì gbá lọ sí etídò. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n da fatiláísà sí àwọn etídò yẹn, kí bakitéríà ibẹ̀ lè rí ohun tí wọ́n fi máa jẹ epo, wọn ò kó bakitéríà àlejò wá dà mọ́ ọn, ibi tí wọ́n sì da fatiláísà sí, epo ibẹ̀ yára dín kù ju ibi tí wọn ò dà á sí. Alaska tí yìnyín ń bọ́ ni mò ń wí o, ká má tíì sọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ooru ń mú láàárọ̀ lálẹ́, bakitéríà fẹ́ràn ooru tiwa yìí gan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: epo tó wọ abẹ́ òkúta àti iyanrìn etídò, níbi tí atẹ́gùn ò ti dé, lẹ́yìn ohun tó ju 20 ọdún lọ tí wọ́n bá wa ibẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a, ó ṣì ń rùn. Epo kan náà, ọjọ́ kan náà ló dà. Èyí tó rí atẹ́gùn ti lọ, èyí tí nǹkan bò mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Tí Alaska bá jìnnà jù, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 2011 ni UNEP, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní ìpínlẹ̀ Rivers. Wọ́n bá epo nínú ilẹ̀ ní ibi púpọ̀ tó ti wọlẹ̀ tó mítà 5 ó kéré tán, ní abúlé kan, Nsisioken Ogale, wọ́n bá bẹ́ńsíìnì, kẹ́míkà inú epo tó ń fa jẹjẹrẹ, nínú omi kànga tó fi ju ìlọ́po 900 lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó má kọjá. Wọ́n ní àtúnṣe àyíká náà lè gba ọdún 25 sí 30. Ibì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Ejama-Ebubu, ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún nígbà yẹn tí epo ti dà síbẹ̀, wọ́n ti gbìyànjú àtitún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, epo ṣì kún ibẹ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ kà á kó wá bi mí léèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún ilẹ̀ Ògóní ṣe nígbà yẹn, bakitéríà náà ni wọ́n gbé e lé o, wọ́n á tú ilẹ̀, wọ́n á da fatiláísà sí i. UNEP sì ní kò ṣiṣẹ́. Nínú ibi 15 tí wọ́n yẹ̀ wò tí ìwé sọ pé wọ́n ti tún ṣe parí, 10 ni èérí rẹ̀ ṣì ju ohun tó yẹ lọ. Kí ló fà á? Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń tú, epo sì ti lọ sísàlẹ̀ jìnnà. Òjò ibẹ̀ pọ̀, ó ń fọ epo àti fatiláísà lọ sínú odò, kò sì sí ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ láti dá a dúró. Bakitéríà ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá fi ojú ilẹ̀ tan ara ẹ̀ jẹ ló jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo rí yẹ̀pẹ̀ pupa nísàlẹ̀ ihò yẹn, torí ti yín ò tíì dé ibi ti Ògóní dé.

Ó wá ku ọkùnrin onígò. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa o, mo fún un ní ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní àwọn òyìnbó ti ṣe bakitéríà pàtàkì kan tó ń jẹ epo, pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà pàápàá jẹ́rìí sí i. Kò purọ́ pátápátá. Ananda Chakrabarty, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Pseudomonas kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tó lè jẹ oríṣiríṣi nǹkan inú epo rọ̀bì, ẹjọ́ ẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní 1980 adájọ́ 5 nínú 9 gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí páténtì, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é tà láìgbàṣẹ, lórí ohun ẹlẹ́mìí tó ṣe. Ọ̀rọ̀ páténtì ni wọ́n dá o. Wọn ò sọ pé ó ti tún ilẹ̀ kankan ṣe, bakitéríà yẹn fúnra ẹ̀ wọn ò sì lò ó rí láti fi kó epo tó dà sílẹ̀. Ní Alaska gan-an wọ́n dán àwọn kan tó wà fún títà wò, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ẹ̀ àti fatiláísà lásán. Àlejò tí wọ́n bá tú sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ò mọ̀, onílé á jẹ gbogbo oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lóòótọ́ ibì kan lè wà tó máa wúlò, bí ilẹ̀ tí bakitéríà ajẹpo ò pọ̀ nínú ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tiyín kọ́. Mo bi í léèrè pé kí lorúkọ èyí tó wà nínú ìgò, ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí ilé iṣẹ́ ni. Ó dáa náà.

Bí ó ṣe yẹ ká ṣe é nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á torí ibí ni iṣẹ́ wà. Ká má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ náà, ibi tó gba mọ́tò méjì péré ti tó. Ká wọ́ bọ́ọ̀sì òkú yẹn kúrò. Ibi tí ọ́ìlì ṣì dúró sí lórí ilẹ̀, ká fi lẹ́bú pákó láti sọ́míìlì fà á mu, ká kó o lọ́tọ̀, torí tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù lójú kan ó ń pa àwọn bakitéríà náà ni. Lẹ́yìn náà ká wa erùpẹ̀ dúdú yẹn títí dé ibi tó ti ń di pupa. Ká tẹ́ tapólì tàbí náílọ́ọ̀nù tó nípọn sí ibi tó tẹ́jú, ká fi erùpẹ̀ mọ ebè yí i ká kí omi má bàa ṣàn jáde, ká wá tẹ́ erùpẹ̀ dúdú náà sórí ẹ̀, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, torí atẹ́gùn ò lè wọ ibi tó nípọn jù. Ká fọ́ àwọn òkìtì tó dì. Ká po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, kì í ṣe tútù o, tútù ń mú ooru jáde ó sì ń rùn dé ojú títì, àwọn onírẹsì á lé wa. Ká da lẹ́bú pákó díẹ̀ sí i kó má bàa dì padà, díẹ̀ ni mo wí, torí tó bá pọ̀, bakitéríà á lọ máa jẹ lẹ́bú náà, naitirójìn tó yẹ kí wọ́n fi jẹ ọ́ìlì á sì tán síbẹ̀.

Omi ló kù. Kó tutù ni, kó má rin. Tẹ́ ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ tẹ́ ẹ fún un, kó dì mọ́ra ṣùgbọ́n kí omi má kán. Tó bá gbẹ, iṣẹ́ á dúró, ọyẹ́ ìlú wa yìí sì mọ bó ṣe ń gbẹ nǹkan, nítorí náà a máa ní láti wọ́n omi sí i lọ́gbẹlẹ̀. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ká bò ó, lẹ́yìn òjò ká ṣí i. Ká máa fi ọkọ́ yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì lè ṣe é kí ọ̀gá tó dé láàárọ̀, kí wọ́n wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó fọwọ́, torí kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa wà lára èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ yín ti ń fi fọwọ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in kù.

Ó máa gba oṣù, kò gba ọ̀sẹ̀. Òórùn ló máa kọ́kọ́ yí padà, á kúrò ní ti ọ́ìlì á di ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n imú ò tó. Ọ̀nà kan wà tí àwa fúnra wa lè fi wò ó: ká bu erùpẹ̀ náà sínú ife, ká bu yẹ̀pẹ̀ oko tó mọ́ sínú ife mìíì, ká gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà sí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ká máa wo èyí tó hù àti èyí tí ò hù, ká fà á tu ká wo gbòǹgbò. Ohun tó hù níbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ o. Lẹ́yìn ìyẹn ká gbé erùpẹ̀ lọ sí láàbù, kí wọ́n wọn àpapọ̀ ọ́ìlì inú ẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tá a bá ṣe tán. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ epo sọ pé tó bá ti ju 5,000 mílígíráàmù lọ nínú kílò yẹ̀pẹ̀ kan, ó ti di dandan kí wọ́n tún un ṣe, pé ibi tó yẹ kó máa lé ni 50. Mi ò lérò pé a máa dé 50 láìpẹ́, ṣùgbọ́n ká ṣáà mọ iye tá a wà. LAUTECH wà níbí, àwọn ọmọ tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì kún ibẹ̀ lọ́dọọdún, dípò kí wọ́n máa gbé yẹ̀pẹ̀ sínú ike lọ da ọ́ìlì sí i fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá ilẹ̀ tòótọ́.

Ohun kan wà tí bakitéríà ò lè ṣe, mi ò ní fi pa mọ́. Òjé. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì ń kó àwọn irin wẹ́wẹ́ láti inú ẹ́ńjìnnì, àwọn rìwáyà sì ń fọ́ bátìrì síbẹ̀, wọ́n ń da omi ásíìdì ẹ̀ sílẹ̀, panẹ́ẹ̀lì bítà ń ha ọ̀dà mọ́tò. Òjé, síǹkì, kádímíọ́ọ̀mù, kò sí bakitéríà tó lè jẹ wọ́n di omi, irin á máa jẹ́ irin títí láé, ohun tó dáa jù ni kó dúró sójú kan kó má wọ kànga. Òjé ló sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà ibi tí wọ́n ń fọ́ bátìrì sí yẹn, ẹ má jẹ́ ká pò ó mọ́ èyí, ká yà á sọ́tọ̀, ká jẹ́ kí láàbù wò ó kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ tàbí kọ́lé. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn onílẹ̀ ní tààrà, Bàbá wa, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Gbogbo èyí ò sì ní já mọ́ nǹkan kan tí wọ́n bá ń dà á sílẹ̀ lójoojúmọ́ bá a ṣe ń tún un ṣe. Ẹ ra dúrọ́ọ̀mù kan fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ bò ó kí òjò má wọ̀ ọ́, kí fítà máa ro sínú ẹ̀ mọ́jú kí wọ́n tó jù ú nù. Ẹni tó bá dà á sílẹ̀, ẹ ní òfin ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń gba fáìnì. Owó tẹ́ ẹ bá rí lórí dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn káfíńtà á tó ra tapólì.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kẹ́ ẹ sọ fún onítípà kó dúró ná, kẹ́ ẹ sì fún mi ní ibi tó gba mọ́tò méjì yẹn. Òjò ti fẹ́ dá, ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì dáa jù láti wa ilẹ̀ torí omi ò ní máa wọ́ ohun tá a bá wa lọ sínú kànga ẹlòmíì. Tí kò bá ṣiṣẹ́ títí òjò ọdún tó ń bọ̀, láàbù á sọ bẹ́ẹ̀, típà ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé bá mi gbé e síwájú mítìn tó ń bọ̀, kó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kó pẹ́, torí ìgbẹ́ tí mo ti kó jọ ti pọ̀, àwọn ará ilé tó wà lápá kejì ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí eṣinṣin.

Èmi ni ọmọ yín,
Ẹlẹ́yin ẹ̀yìn odi, Ògbómọ̀ṣọ́